Fífi DCC Sínú Ẹ́ńjìnnì Yáàdì Kékeré: SW7 ti Athearn Láti Páálí Búlúù

Ẹ́ńjìnnì yáàdì rélùwéè kì í ṣe ọkọ̀ eré sísá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fa wágọ́ọ̀nù kan jáde, kó ti òmíràn wọlé, kó dúró, kó padà sẹ́yìn, kó sì fẹnu kan wágọ́ọ̀nù tó wà níwájú rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí wọn óò fi so. Ní ìwọ̀n HO, ìyẹn rélùwéè kékeré àfiṣeré tó jẹ́ 1 sí 87 ti gidi, iṣẹ́ náà kò yí padà, àmọ́ ó le sí i. Ọkọ̀ tí kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 16 ni yóò máa rìn bí ìgbín kọjá lórí oríta irin, tí iná kò gbọdọ̀ já, tí kò sì gbọdọ̀ máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Lábẹ́ ètò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní DC, iná orí irin fúnra rẹ̀ ni eré ọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó rìn pẹ̀lẹ́, volt 2 tàbí 3 péré ni ẹ óò jẹ́ kó wà lórí irin, ìdọ̀tí bíńtín sì ti tó láti dí i lọ́nà. DCC (Digital Command Control), ètò tó ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí ọkọ̀ gba orí irin, yí èyí padà. Nǹkan bíi volt 14 sí 15 ló máa ń wà lórí irin nígbà gbogbo, bí ọkọ̀ dúró bó ń rìn. Iná yẹn ń yí ẹ̀gbẹ́ padà lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bó sì ṣe ń yí ló fi ń gbé ọ̀rọ̀: ìdajì ìyípadà tó gba microsecond 58 jẹ́ 1, èyí tó gba 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 0. Dìkódà, ìyẹn pátákó iná kékeré inú ọkọ̀ tó ń túmọ̀ àṣẹ, á gbọ́ nọ́ńbà tirẹ̀, á ṣe ohun tí rìmóòtù ọwọ́ yín wí. Ọkọ̀ mìíràn tó wà lórí irin kan náà kò ní mira. Bernd Lenz, ará Jámánì, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré ní Amẹ́ríkà, sì sọ ọ́ di ìlànà àjùmọ̀lò ní àwọn ọdún 1990. Ìdí nìyẹn tí dìkódà ilé-iṣẹ́ kan fi ń gbọ́ràn sí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mọ̀ pé dìkódà kọ́ ni iṣẹ́. Wáyà mélòó kan ni, àwọ̀ wọn sì ti sọ ibi tí oníkálukú ń lọ. Ibi tí iṣẹ́ wà ni mọ́tò tí kò gbọdọ̀ fara kan irin kankan mọ́, àti iná tó gbọ́dọ̀ máa wọlé láti ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ọkọ̀ láìdáwọ́ dúró. Ẹni tó bá ṣe méjèèjì dáadáa, dìkódà olówó pọ́ọ́kú á rìn fún un bí ti olówó ńlá.

Ọkọ̀ wo?

EMD, ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ẹ́ńjìnnì rélùwéè ní Amẹ́ríkà, ló kọ́ SW7 gidi láàárín 1949 sí 1951, agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 1,200. Èyí tí Athearn, ilé-iṣẹ́ rélùwéè kékeré, ṣe, tó máa ń wà nínú páálí búlúù, ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀. Jíà rẹ̀ le dáadáa, ó wúwo fún ìwọ̀n ara rẹ̀, ó sì ní fíláíwíìlì tó ń bá a gbé ara lọ nígbà tí iná bá já díẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé wọn kò kọ́ ọ fún DCC. Ṣáásì irin rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wáyà: iná irin apá kan ń gba bógì, ìyẹn férémù tó gbé wíìlì, wọ ṣáásì, ó sì ń gba ìsàlẹ̀ mọ́tò wọlé, ti ìkejì ń gba páànù tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan tó wà lórí mọ́tò.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ tuntun tó ti ní ihò ìsopọ̀ oníhò mẹ́jọ, iṣẹ́ yín ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀: ẹ yọ púlọ́ọ̀gì adíhò kúrò, ẹ fi ti dìkódà bọ̀ ọ́, kí wáyà olómi ọsàn wà níbi àmì 1. Bí ẹ bá fi í sódì, ọkọ̀ á máa rìn sẹ́yìn, iná iwájú kò sì ní tàn. Ẹ kàn yí i padà ni. Àwọn kan sì wà tí ṣáásì wọn pín sí méjì, tí mọ́tò sùn sáàárín bí ẹ̀pà nínú èèpo. Ìdajì ṣáásì kọ̀ọ̀kan ló ń gbé iná irin kan. Fún irú wọn, ẹ wá dìkódà onípátákó tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ náà gan-an, nítorí àyè kò sí fún wáyà. Ìyókù ọ̀rọ̀ wa dá lórí páálí búlúù.

Ohun tí ẹ óò kó sílẹ̀

- Dìkódà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó lè gbé ampere 1 sí 1.5 láìsinmi. Ti ìwọ̀n N, tó kéré ju HO, tó gbé ampere 1 náà dára, nítorí bónẹ́ẹ̀tì SW7 há.
- Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ 30 AWG tó rọ̀, tó rọrùn láti tẹ̀, nǹkan bíi mítà 1: pupa àti dúdú.
- LED mílímítà 3 méjì, aláwọ̀ funfun tó pọ́n díẹ̀ bíi gílóòbù, àti rẹsítọ̀ 1,000 ohm méjì, ìdá mẹ́rin watt.
- Téèpù Kapton, èyí tó ń fara da ooru, àti ọ̀pá rọ́bà tó ń sún kì bí iná bá kàn án, mílímítà 1.5.
- Lẹ́ẹ̀dì 60/40 tó ní oje igi nínú, mílímítà 0.8, àti áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì watt 25 sí 30. Ẹ má fi ásíìdì àwọn tó ń jó páìpù omi kan iṣẹ́ yìí láé. Yóò jẹ wáyà yẹn títí yóò fi já.
- Mítà, isopropyl (ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan), òwú etí, fáìlì kékeré.

Ẹ wo ara rẹ̀ kí ẹ tó là á

Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n lórí iná lásán, DCC kò ní wò ó sàn. Ẹ gbé e sórí iná DC àtijọ́, kó rìn lọ, kó rìn bọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Bó bá ń dún kaka, ẹ wo jíà inú bógì: gíríìsì àtijọ́ máa ń dì bí àdín tó sùn. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ fi gíríìsì tuntun tó bá ike mu sí i díẹ̀, kó má pọ̀ débi tí yóò máa kán sórí irin.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn agbára tí mọ́tò ń fà bó bá há. Ẹ to mítà pọ̀ mọ́ wáyà iná kan, ẹ fún mọ́tò ní volt 12, ẹ fi ìka di fíláíwíìlì mú kó má yí fún ìṣẹ́jú àáyá 1 tàbí 2, ẹ ka iye rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ kíá. Mọ́tò Athearn àtijọ́ lè kọjá ampere 1 níbẹ̀. Ẹ tún rántí pé volt 14 ni DCC yóò fún un, nítorí náà ẹ fi bí ìdá mẹ́fà kún iye tí ẹ rí. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju ohun tí dìkódà lè gbé láìsinmi lọ, ẹ yí dìkódà tàbí ẹ yí mọ́tò. Ẹ má retí pé kò ní há láé. Ní yáàdì, ẹ́ńjìnnì máa ń há: ó ń ti wágọ́ọ̀nù kan òpin irin, fíláíwíìlì ń ta kú, rìmóòtù ṣì ń sọ pé kó máa lọ.

Ìgbà míì, ìdọ̀tí orí kọ́mútétọ̀, ibi tí kábọ́ọ̀nù mọ́tò ti ń fara ro, ló ń mú un fà jù. Òwú etí tí a fi isopropyl rin ti tó láti nù ún. Ẹ má fi sáńdípépà kàn án.

Yíya mọ́tò sọ́tọ̀ kúrò lára ṣáásì

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ ṣí bọ́dì kúrò lára ṣáásì, ẹ fi ohun tó mọ́ tẹ́ orí tábìlì, ẹ sì wá àwo funfun tí ẹ óò máa da nǹkan kéékèèké sí.

Ẹ ó rí páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà láti bógì iwájú, gba orí mọ́tò kọjá, lọ sórí bógì ẹ̀yìn. Ẹ fi orí screwdriver gbé e sókè. Ó jẹ́ pé ó kàn há mọ́ kílíìpù orí mọ́tò ni. Ẹ mú páànù náà kúrò pátápátá, a kò ní lò ó mọ́. Ẹ fi máákà fa ìlà sórí mọ́tò láti fi mọ apá tó kọjú sí iwájú, kí ẹ tó fà á jáde láti inú rọ́bà tó dì í mú sí ṣáásì. Bí ẹ bá dá a padà sódì, kò ní bàjẹ́, àmọ́ ẹ óò máa wá ìdí tí ọkọ̀ fi ń rìn sẹ́yìn.

Ẹ yí mọ́tò dà. Kílíìpù kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó dà bíi ti orí, àmọ́ ó ní eyín méjì tó yọ sí ìsàlẹ̀. Eyín méjì yìí ló máa ń fara kan ṣáásì. Bí wọ́n bá ṣì ń kàn án nígbà tí dìkódà bá ti wà níbẹ̀, iná orí irin yóò wọ inú dìkódà láti ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó máa jáde, dìkódà á kú kí ẹ tó gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ẹ fi àtàǹpàkò di àárín kílíìpù mú kí ẹ tó gbé e, nítorí sípíríìngì wà lábẹ́ rẹ̀, kábọ́ọ̀nù sì wà lábẹ́ sípíríìngì. Bí ẹ bá gbé e lójijì, sípíríìngì náà á fò lọ sábẹ́ àga, ó kéré débi pé ojú kò ní rí i mọ́. Ẹ kó wọn sínú àwo. Ẹ gé eyín méjèèjì sọnù, ẹ fi fáìlì dán ojú ibi tí ẹ gé. Ẹ wá jó wáyà eléérú dìkódà mọ́ ẹ̀gbẹ́ kílíìpù náà nígbà tó ṣì wà níta. Ẹ má jó o lórí mọ́tò, ooru á yọ́ ike tó di kábọ́ọ̀nù mú. Ẹ da kábọ́ọ̀nù padà, sípíríìngì lé e, kílíìpù lé e títí yóò fi ró "kẹ́". Ẹ ṣe kílíìpù orí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, wáyà olómi ọsàn ni tirẹ̀.

Ẹ wá fi Kapton ìlọ́po méjì tẹ́ inú ṣáásì níbi tí mọ́tò óò jókòó sí. Téèpù oníláílọ́ọ̀nù tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ iná ń lò kò dára níbí: gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń ṣàn bó bá gbóná, á sì lẹ̀ mọ́ fíláíwíìlì.

Nígbà tí mọ́tò bá ti padà sípò, ẹ gbé mítà sí ohm. Ẹ fi ẹnu kan kan kílíìpù orí, èkejì kan ṣáásì: kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan. Ẹ ṣe é fún kílíìpù ìsàlẹ̀, ẹ sì wọn kílíìpù méjèèjì sí bógì méjèèjì àti sí wíìlì kọ̀ọ̀kan bákan náà. Ẹ fi ọwọ́ yí fíláíwíìlì bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́, ẹ sì tẹ mọ́tò sọ́tùn-ún sósì. Àǹfààní mítà yìí kò ní pé tí dìkódà bá ti wà níbẹ̀, nítorí náà ìsinsìnyí ni kí ẹ ṣe é.

Iná láti irin

Wáyà pupa ni ti irin tó wà lápá ọ̀tún awakọ̀ tó kọjú sí iwájú, dúdú ni ti apá òsì. Nínú SW7, bónẹ́ẹ̀tì ni iwájú. Ọ̀kan nínú irin méjèèjì ń wọ ṣáásì, èkejì ń lọ sórí òpó irin tó yọ lókè bógì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi mítà mọ èwo ni èwo, ẹ má méfò.

Ẹ jó wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́ orí òpó bógì iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ pa wọ́n pọ̀ mọ́ wáyà dìkódà tó yẹ. Ẹ jẹ́ kí wáyà náà ní ìrọ̀rùn, kó tẹ̀ bí ìwọ́ ní òkè bógì. Bó bá le tàbí tó kúrú, bógì kò ní lè yí ní ìkòríta, ọkọ̀ á máa bọ́ lójú irin, ẹ óò sì rò pé irin ló bàjẹ́.

Apá tó ń gba ṣáásì ni alárékérekè. Àwọn kan máa ń jó wáyà kan péré mọ́ ṣáásì, wọ́n á ní ó tán. Àmọ́ láti wíìlì dé ṣáásì, iná ń gba ibi tí irin bógì ti ń fara ro irin ṣáásì, tí ìpẹtà àti ọ́ìlì sì wà láàárín wọn. Lórí iná DC, a kì í mọ̀. Lórí eré 1 nínú 128, ó hàn kedere: ọkọ̀ á rìn, á dúró, á rìn. Ohun tó dára jù ni kí ẹ jó wáyà tààrà mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ bógì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má gbára lé ṣáásì rárá. Ẹ fi fáìlì ha ibẹ̀ títí yóò fi dán, ẹ pa lẹ́ẹ̀dì fẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí kí ẹ tó gbé wáyà wá, kí ẹ sì ṣe kíá, ike jíà kò jìnnà síbẹ̀.

Wíìlì fúnra wọn náà ní ẹjọ́. Ti páálí búlúù àtijọ́ jẹ́ lẹ́búlẹ́bú irin tí wọ́n fún pọ̀. Ojú wọn kò dán, wọ́n ń kó ìdọ̀tí mọ́ra. Bí ẹ bá rí wíìlì nickel silver tó bá a mu rà, ẹ pààrọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nínú gbogbo owó tí ẹ óò ná sórí ọkọ̀ yìí, a gbà pé èyí ló ń so èso jù lẹ́yìn dìkódà.

Ibi tí dìkódà óò sùn sí

Mọ́tò ti gba bónẹ́ẹ̀tì tán. Yàrá awakọ̀ lẹ́yìn ni àyè wà. Ẹ lẹ dìkódà mọ́ òkè inú yàrá náà pẹ̀lú téèpù olójú méjì, kó ga ju ojú fèrèsé lọ, kí ẹni tó bá ń wò ó láti ìta má rí i. Ẹ má fi téèpù wé e yíká yíká bí ẹni ń di ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ó ń gbóná, atẹ́gùn ló ń tù ú, bó bá sì gbóná jù yóò pa ara rẹ̀ láàárín eré. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí irin nìkan ni kí ẹ fi Kapton bò.

Ẹ gé wáyà sí bí ó ṣe gùn tó gan-an, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2 kún un fún ṣíṣí bọ́dì. Wáyà tó pọ̀ jù ni yóò lọ lọ́ mọ́ ọ̀pá tó ń yí láàárín mọ́tò àti bógì.

Fún iná, ẹ yọ gílóòbù àtijọ́ pẹ̀lú irin tó gbé e lé ṣáásì. Irin yẹn ti pa dìkódà ọ̀pọ̀ ènìyàn nítorí pé wọ́n rò pé mọ́tò nìkan ló ń fara kan ṣáásì. Wáyà búlúù ni ti àpapọ̀, òun ni apá pọ́sítífù. Ẹsẹ̀ gígùn LED kọ̀ọ̀kan ń lọ sí búlúù. Ẹsẹ̀ kúkúrú ti iwájú ń gba rẹsítọ̀ 1,000 ohm lọ sí funfun, ti ẹ̀yìn ń gba tirẹ̀ lọ sí yẹ́lò. Láìsí rẹsítọ̀, LED á tàn lẹ́ẹ̀kan, á sì tàn kẹ́yìn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ rìmóòtù

Kí ẹ má tíì gbé e sórí irin ńlá. Ẹ gbé e sórí irin ìsètò, níbi tí agbára iná kéré gan-an, tí àṣìṣe kò fi ní pa dìkódà. Ẹ ní kó ka CV1; CV ni àwọn àyè inú dìkódà tí a ń kọ nọ́ńbà ìṣètò rẹ̀ sí. Bó bá dáhùn 3, ó tọ́, nọ́ńbà yẹn ni dìkódà tuntun máa ń jí pẹ̀lú. Bí kò bá dáhùn, ẹ wo wíìlì, kí ẹ wo wáyà mọ́tò: mọ́tò ni dìkódà fi ń dáhùn, ó ń tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ̀rọ lè mọ̀. Mọ́tò tí wáyà rẹ̀ já, dìkódà rẹ̀ dà bí odi.

Ẹ sọ ọ́ ní nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà tó bá ju 127 lọ ń gba CV17 àti CV18. Rìmóòtù púpọ̀ ń ṣírò rẹ̀ fúnra wọn, àmọ́ ìṣírò náà kò le: ẹ pín nọ́ńbà sí 256, ẹ fi 192 kún iye ìgbà tó pín, ìyẹn ni CV17, èyí tó ṣẹ́kù ni CV18. Fún 1503, ìgbà 5 ni 256 wọ inú rẹ̀, 223 ló ṣẹ́kù: CV17 jẹ́ 197, CV18 jẹ́ 223.

CV29 ni kí ẹ fi sí 34. 32 inú rẹ̀ ń jẹ́ kó lo nọ́ńbà gígùn, 2 ń jẹ́ kó lo eré 28 tàbí 128, a sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ 4 kúrò, tí ì bá jẹ́ kó gba iná DC. Ẹni tó bá fi 4 sílẹ̀ lè rí ọkọ̀ rẹ̀ tó sá lọ pẹ̀lú gbogbo agbára nígbà tí iná orí irin bá ṣe wúruwùru, nítorí dìkódà rò pé DC ló ń bọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń rìn sẹ́yìn nígbà tí ẹ ní kó lọ síwájú, ẹ lè pààrọ̀ olómi ọsàn àti eléérú, tàbí kí ẹ fi 1 kún CV29; àmọ́ èyí tó kẹ́yìn yìí á yí iná náà padà pẹ̀lú, nítorí náà bí iná bá ti tọ́, wáyà ni kí ẹ pààrọ̀. Pípààrọ̀ pupa àti dúdú kò ní yí nǹkan kan padà lábẹ́ DCC.

Kíkọ́ ọ láti rìn bí ìgbín

Ẹ wọn mítà 1 sórí irin, ẹ fi àmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ní HO, ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 15 láàárín wákàtí kan yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 21 láti parí mítà yẹn. Èyí tó ń sáré 50 yóò gba 6.3. Ẹ́ńjìnnì yáàdì kò nílò ju 50 yẹn lọ.

CV5 ni òpin eré rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 130, ẹ gbé rìmóòtù sókè pátápátá, ẹ ka àkókò, ẹ máa dín in kù tàbí kí ẹ máa fi kún un títí yóò fi kan 6 ìṣẹ́jú àáyá. CV6 ni àárín. Ẹ jẹ́ kó kéré díẹ̀ sí ìdajì CV5, bíi 60, kí ìdajì ìsàlẹ̀ rìmóòtù lè jẹ́ ti eré pẹ̀lẹ́, níbi tí iṣẹ́ pọ̀ sí. CV2 ni ibi tó ti ń jí. Ẹ fi sí 0, ẹ gbé rìmóòtù sí 1 nínú 128, ẹ máa fi 2 kún CV2 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́nà kan ṣá, ẹ óò rí i tí wíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bí ọwọ́ aago tó ń ka ìṣẹ́jú. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn fún ìṣẹ́jú 10, kì í ṣe nígbà tó tutù, nítorí gíríìsì tó tutù ń fẹ́ agbára jù.

CV3 àti CV4 ni wíwúwo rẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra àti nígbà tó bá ń dúró. Bí ẹ bá fi CV3 sí 5, láti dídúró dé òpin eré yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 4.5. Èrò wa ni pé kí ẹ má kọjá 6 sí 8 fún CV3, kí CV4 sì jẹ́ 2 tàbí 3. Wíwúwo púpọ̀ dùn ún wò lára ọkọ̀ èrò, àmọ́ ẹni tó ń to wágọ́ọ̀nù fẹ́ kí ọkọ̀ dúró níbi tó ní kó dúró.

Bó bá ń gbọ̀n tìtìtì lórí eré kékeré nígbà tí back-EMF, ìyẹn bí dìkódà ṣe ń wọn eré mọ́tò láti fi darí rẹ̀, ń ṣiṣẹ́, ẹ wo bóyá kapásítọ̀ kékeré kan wà lára mọ́tò láti ilé-iṣẹ́, kí ẹ yọ ọ́. Ó ń da ìwọ̀n dìkódà rú.

Nígbà tí iná bá já lórí oríta

Láàárín oríta irin kọ̀ọ̀kan ni irin onígun kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní frog. Bó bá jẹ́ ike, tàbí tó jẹ́ irin tí kò ní iná, ẹsẹ̀ kúkúrú SW7 lè wà lórí rẹ̀ kí bógì kejì sì wà lórí ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni yóò ti kú. Ẹ fún frog ní iná bó bá ṣeé ṣe, ìyẹn ni oògùn tó wo gbogbo ọkọ̀ sàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àpò iná kékeré sínú ọkọ̀.

Kapásítọ̀ tantalum márùn-ún, 220 microfarad, volt 25, tí a to lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, jẹ́ 1,100 microfarad. Pọ́sítífù wọn ń gba rẹsítọ̀ 100 ohm lọ sí wáyà búlúù, kí wọ́n má fa iná gbà lójijì. Diode 1N4001 kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹsítọ̀ náà, kí ìlà funfun orí rẹ̀ kọjú sí búlúù. Nẹ́gátífù ń lọ sí ilẹ̀ dìkódà. Ilẹ̀ dìkódà kì í ṣe wáyà dúdú! Ibi pàtó kan ni lórí pátákó rẹ̀, ìwé dìkódà yín á fi hàn. Bí mọ́tò bá ń fà 150 milliampere, àpò yìí á gbé e fún bí ìdá ogún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó kéré létí, àmọ́ ó tó fún eruku. Tantalum tí a fi sódì máa ń jóná gidi, ẹ wo ìlà orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì kékeré so àpò náà mọ́ dìkódà, kí ẹ lè yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ ka CV, nítorí ó lè dí ìdáhùn lọ́wọ́.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀

Bí ẹ̀rọ iná bá pa ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí ẹ gbé ọkọ̀ sórí irin, ẹ kọ́kọ́ wo bógì. Nínú SW7 yìí, bógì tí a yọ tí a dá padà ní yíyí ẹ̀yìn síwájú yóò mú irin ọ̀tún pàdé irin òsì nínú ṣáásì. Ẹ yí i padà, ó tán. Bí kì í bá ṣe bógì, ẹ wo wáyà tí bọ́dì fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣáásì.

Bó bá rìn dáadáa láìní bọ́dì, tó sì kú nígbà tí ẹ dé e, wáyà kan há sábẹ́ bọ́dì tàbí ó kan fíláíwíìlì. Bó bá rìn fún ìṣẹ́jú 10, tó dúró, tó tún jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, dìkódà gbóná jù: ẹ tún wọn ohun tí mọ́tò ń fà. Bí nǹkan gbogbo bá ti rú, ẹ kọ 8 sínú CV8. Ọ̀pọ̀ dìkódà á padà sí ipò ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ á sì padà di 3.

Nǹkan kan ṣì wà fún ẹni tó bá ní àyè. Àwọn SW7 gidi kan máa ń bá ọmọ wọn tí kò ní yàrá awakọ̀ rìn. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń pè wọ́n ní abo màlúù àti ọmọ màlúù, Athearn náà sì ṣe ọmọ yẹn. Bí ẹ bá gba iná láti wíìlì mẹ́jọ rẹ̀ pẹ̀lú, tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì àti púlọ́ọ̀gì kékeré so ó mọ́ ìyá rẹ̀, wíìlì 16 ni yóò máa kó iná wọlé. Àyè inú bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò gba kapásítọ̀ tó tóbi ju tiwa yìí lọ, yóò sì gba spíkà mílímítà 11 sí 15 nínú àpótí tirẹ̀, bí dìkódà yín bá jẹ́ èyí tó ń dún. Ẹ kùn ìsàlẹ̀ púlọ́ọ̀gì náà ní dúdú, kí wáyà méjèèjì gba ẹ̀gbẹ́ ìkọ́ kọjá, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lórí ìkòríta tó há jù ní yáàdì yín kí ẹ tó gé wọn.